Orúkọ mẹ́ta, ilé-ìwé kan? Bí a ṣe ń tọ ipa ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó yí orúkọ padà, tó pa pọ̀ tàbí tó kógbá sílé

Onífáìlì béèrè:

Ẹ̀yin àgbà tó mọ tinú tẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Àyẹ̀wò ìwé-ẹ̀rí òṣìṣẹ́ ló wà nílẹ̀, orúkọ ilé-ìwé ló sì ń dà á rú. Ẹ wo márùn-ún yìí:

1. Ìwé ìgbàwọlé ọdún 1983, "Obafemi Awolowo University, Ado-Ekiti".
2. Ìwé-ẹ̀rí ọdún 1994, "Ondo State University, Ado-Ekiti".
3. Ìwé-ẹ̀rí ọdún 2003, "Ondo State University, Akungba-Akoko".
4. Ìwé-ẹ̀rí ọdún 1987, "University of Lagos", àmọ́ onítọ̀hún kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé Abẹ́òkúta lòun ti kàwé.
5. B.Ed. (oyè yunifásítì nínú ẹ̀kọ́ olùkọ́ni) láti "Obafemi Awolowo University", tí ẹni tó ni ín ní Oǹdó lòun ti kà á.

Èwo nínú wọn ni ilé-ìwé kan náà? Ta la máa kọ̀wé sí nígbà tí orúkọ tó wà lórí ìwé kò sí mọ́? Kí ló ń fi ayédèrú hàn nínú irú èyí? Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ ti ní ká da ìwé tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lórí àkọsílẹ̀ tòní ti NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, nù. Ọkàn mi kò gbà á, torí àgbà òṣìṣẹ́ tó fẹ́ fẹ̀yìn tì la máa fi ìyẹn pa lára.

---

Alákọsílẹ̀ fèsì:

Onífáìlì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da ìwé kankan nù. Orúkọ tòní ló wà lórí àkọsílẹ̀ tòní. Ẹni tó gboyè ní "University of Ife" ní 1980 kò ní í rí orúkọ ilé-ìwé rẹ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé rẹ̀ kò lábùkù kankan.

Nǹkan mẹ́rin ló wà lára ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kálukú wọn ló sì ń dá rìn: orúkọ rẹ̀, ẹni tó ni ín, àṣẹ tó fi ń fúnni ní oyè, àti fáìlì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Orúkọ lè yí kí mẹ́ta tó kù má mì. Ẹni tó ni ín lè yí kí orúkọ dúró digbí. Fáìlì lè wà ní ìlú kan kí àṣẹ oyè wà ní òmíràn. Bí ìwé kan bá ń rú yín lójú, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin yìí lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú òfin tó dá ilé-ìwé náà sílẹ̀, tàbí èyí tó ṣàtúnṣe rẹ̀, ni ìdáhùn wà, nínú gásẹ́ẹ̀tì ìjọba. Kì í ṣe ohun tí gómìnà sọ lórí rédíò.

Adó-Èkìtì ló lọ́jú pọ̀ jù nínú márùn-ún yín. Ní 1982, ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó lábẹ́ Gómìnà Adékúnlé Ajáṣin dá yunifásítì kan sílẹ̀ síbẹ̀, "Obafemi Awolowo University" ni wọ́n sì pè é. Awólọ́wọ̀ ṣì wà láyé nígbà náà. Ní 1985, lábẹ́ ìjọba ológun, wọ́n sọ ọ́ di "Ondo State University". Nígbà tí Awólọ́wọ̀ papò dà ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún 1987, ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sọ University of Ife ní ọjọ́ 12 oṣù kan náà. Nítorí náà, orúkọ tó wà lórí ìwé ìgbàwọlé 1983 yẹn kò ní wàhálà. Ẹni tó bá gbé ìwé-ẹ̀rí "Obafemi Awolowo University, Ile-Ife" wá pẹ̀lú ọjọ́ ọdún 1984 lórí ni kẹ́ ẹ fura sí.

Ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1996 ni wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, ni yunifásítì Oǹdó bá bọ́ sórí ilẹ̀ Èkìtì. Ìpínlẹ̀ méjèèjì jọ ní in fún sáà kan kí wọ́n tó pín in. Ti Adó di "University of Ado-Ekiti". Oǹdó gbé tirẹ̀ lọ sí Àkùngbá-Àkókó ní 1999, ó sì ń jẹ́ "Ondo State University" nìṣó títí ó fi di "Adekunle Ajasin University" ní 2004. Ẹ rí i pé orúkọ kan náà, "Ondo State University", ti jẹ́ ti ọgbà méjì ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Orúkọ ìlú tó tẹ̀ lé e ni ẹ gbọ́dọ̀ kà, kì í ṣe orúkọ ìpínlẹ̀ nìkan. Ẹ má sì pò ó pọ̀ mọ́ "Ondo State University of Science and Technology" tó wà ní Òkìtìpupa, tó di "Olusegun Agagu University of Science and Technology". Ìyẹn kò bá àwọn méjì yìí tan rárá.

Ní 2011, Èkìtì kó yunifásítì mẹ́ta tó ní pọ̀ di "Ekiti State University": ti Adó, University of Education tó wà ní Ìkéré, àti University of Science and Technology tó wà ní Ìfàkì. Àtúbọ̀tán rẹ̀ fún yín rèé: ìkíní àti ìkejì, Registrar (akọ̀wé àgbà) EKSU, ìyẹn Ekiti State University, ní Adó ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí. Ìkẹta, Registrar AAUA, ìyẹn Adekunle Ajasin University, ní Àkùngbá. Àwọn tó wà nílé-ìwé nígbà ìpín gan-an, láàárín 1996 sí 1999, ni ẹ máa fọwọ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ mú: ẹ béèrè nọ́ńbà mátírìkì wọn àti ọgbà tí wọ́n ti ṣe ìdánwò àṣekágbá, kí ẹ tó pinnu ibi tí lẹ́tà ń lọ.

Ìkẹrin: ní 1983, ìjọba àpapọ̀ dá Federal University of Technology sílẹ̀ sí Abẹ́òkúta. Ní oṣù kẹwàá 1984, ìjọba ológun dà á pọ̀ mọ́ Yunifásítì Èkó, ó sì di "College of Science and Technology, Abeokuta", COSTAB ní ìkékúrú. Oṣù kìíní 1988 ni wọ́n tú u sílẹ̀ padà, tí ó di University of Agriculture. Òun ni FUNAAB òní. Ẹni tó gboyè láàárín kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, Yunifásítì Èkó ló ń fún un ní oyè. Onítọ̀hún kò parọ́, ìwé rẹ̀ kò sì parọ́. Akọkà, lọ́dọ̀ Registrar UNILAG, ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta. Ẹ kọ "COSTAB" sínú lẹ́tà náà gàdàgbà, torí bí akọ̀wé tó ń wá fáìlì kò bá rí i, ẹ̀ka Akọkà nìkan ni yóò máa tú, yóò sì kọ̀wé padà pé kò rí nǹkan kan.

Ìkarùn-ún, mo fi sílẹ̀ fún àwọn tó mọ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni jù mí lọ.

Bí ẹ ṣe máa kọ lẹ́tà àyẹ̀wò náà nìyí. Ẹ fi orúkọ àpèjẹ́ bí ó ti wà lórí ìwé síbẹ̀, àti orúkọ ìgbà ọmọge bí obìnrin bá ti lọ́kọ, nọ́ńbà mátírìkì, ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ọdún ìwọlé, ọdún ìjáde, irú oyè àti ìpele rẹ̀, ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí náà, àti ìwé tí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí pé òun gbà kí ẹ yẹ òun wò. Owó tí ilé-ìwé bá dá lé e, ẹ san án gba ojú ọ̀nà tí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ là sílẹ̀, kí rìsíìtì sì wà nínú àpò ìwé. Ìdáhùn gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ ilé-ìwé wá sọ́dọ̀ yín tààrà. Lẹ́tà tí òṣìṣẹ́ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé wá, bí wọ́n tilẹ̀ lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ má gbà á.

Ohun tó ń fi ayédèrú hàn: orúkọ ilé-ìwé tí kò bá ọjọ́ orí ìwé mu, bí i "Ekiti State University" lórí ìwé 2007. Ìfọwọ́sí gíwá tàbí Registrar tí kò tíì dé ipò tàbí tó ti kúrò níbẹ̀ nígbà náà. Àmì ilé-ìwé tí wọn ò tíì yà. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra níbi kan: ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ parí ìdánwò àti ìgbà tí wọ́n tẹ ìwé-ẹ̀rí lè fi ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jìn síra, orúkọ sì lè yí láàárín. Ìwé-àbájáde ìgbà díẹ̀ lè ní orúkọ àtijọ́, kí ojúlówó ìwé-ẹ̀rí ní tuntun. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀sùn. Ìwé ìsìnrú ìlú NYSC ọdún náà sábà máa ń ṣe ẹlẹ́rìí tó dáa.

---

Ìyá Olùkọ́ fèsì:

Alákọsílẹ̀, ẹ ṣeun fún àlàyé yẹn. Ẹ jẹ́ kí n mú ìkarùn-ún.

Adeyemi College of Education, Oǹdó, wà lábẹ́ àjọṣe pẹ̀lú Yunifásítì Ifẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń fúnni ní NCE (ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ni) tirẹ̀, àmọ́ oyè B.Ed. tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, Ifẹ̀ ló ń fi í fúnni. Ẹni tó kà á ní Oǹdó, ìwé Ifẹ̀ ló máa gbà. Lónìí, kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ti di yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, ó sì lè fúnra rẹ̀ fúnni ní oyè. Àmọ́ ìyẹn kò nawọ́ sẹ́yìn mú oyè tí Ifẹ̀ ti fúnni tẹ́lẹ̀. Fún B.Ed. yẹn, Ilé-Ifẹ̀ ni lẹ́tà ń lọ. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Oǹdó nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gba máàkì sílẹ̀. Bí ẹni kan náà bá ní NCE, ìyẹn di lẹ́tà kejì, Oǹdó nìkan ló ń lọ.

Irú àjọṣe yìí pọ̀. College of Education Ìkéré-Èkìtì bá Yunifásítì Nàìjíríà ní Ǹsúkà ṣe tirẹ̀, nítorí náà ẹ lè rí ọmọ Èkìtì tí kò fẹsẹ̀ kan Ǹsúkà rí tó ní ìwé Ǹsúkà lọ́wọ́. Ẹ wo transcript (àkọsílẹ̀ máàkì) rẹ̀, kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí nìkan. Orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì sábà máa ń wà níbẹ̀.

Ìkéré yìí náà ni mo fẹ́ fi àtúnṣe díẹ̀ kún ti Alákọsílẹ̀. Ohun méjì ló wà ní Ìkéré. University of Education ló wọ inú EKSU ní 2011. College of Education kò bá a lọ. Ó dúró gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì títí wọ́n fi sọ ọ́ di "Bamidele Olumilua University of Education, Science and Technology". Ẹni tó bá kọ̀wé sí EKSU nítorí NCE Ìkéré ń ṣòfò ọjọ́ ni.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni tó ń di yunifásítì ti wá pọ̀ bí i yangan báyìí. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, Adeniran Ogunsanya College of Education tó wà ní Ọ̀tọ̀-Ìjànikin àti Michael Otedola College of Primary Education tó wà ní Nofọ̀ríjà, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, ni wọ́n pa pọ̀ di Lagos State University of Education ní 2022. Ní Ọ̀yọ́, Emmanuel Alayande College of Education di yunifásítì. Ní Ọ̀ṣun, College of Education Iléṣà di University of Ilesa.

Ti Táí Ṣólàrín ni kí ẹ fara balẹ̀ kà dáadáa. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń jẹ́ orúkọ bàbá náà ní Ìjẹ̀bú-Òde di Tai Solarin University of Education ní 2005. Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba Ògùn tún gbé kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn tó ń jẹ́ Táí Ṣólàrín kalẹ̀ sí Ọmù, èyí tó wá di "Sikiru Adetona College of Education, Science and Technology" lónìí. Fún sáà kan, "Tai Solarin" méjì ló wà, ọ̀kan yunifásítì, ọ̀kan kọ́lẹ́ẹ̀jì. NCE tó bá ṣáájú 2005, ẹ bi yunifásítì. Èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ bi Ọmù. Ní 2012, ìjọba ìpínlẹ̀ kéde pé yunifásítì náà yóò di ara Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ, wọ́n sì tún yí ìkéde ọ̀hún padà. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ gbà á, ó wá di Tai Solarin Federal University of Education. Ẹ ò rí i: ẹni tó ni ín yí, "Federal" wọ inú orúkọ, àmọ́ fáìlì kò kúrò níbi tó wà.

Bí ẹ bá sì rí ìwé Grade Two (ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ àtijọ́) nínú fáìlì àwọn àgbà, ẹ má wá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà lọ títí. Nígbà tí NCE di ìwé tó kéré jù lọ fún iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì Grade Two di ilé-ìwé girama, fáìlì wọn sì tú ká. Ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ tí ìlú náà wà nísinsìnyí ni ẹ kọ́kọ́ máa bi. Bí ìwé náà bá ti ṣáájú 1976 tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó, ẹ bi Ìbàdàn náà pẹ̀lú. Àwọn tó gba ọwọ́ National Teachers' Institute ṣe tiwọn, Kàdúná ni orísun.

---

Onífáìlì:

Ẹ ṣé o, Ìyá wa. Alákọsílẹ̀, ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rọ̀ pólì ni mo tún fẹ́ bi yín. Ẹnìkan gba HND (ìwé-ẹ̀rí gíga ti pólì) ní 2021 ní Lagos State Polytechnic, ó wá ń sọ pé níwọ̀n bí ibẹ̀ ti di yunifásítì, ká ka HND òun sí B.Sc. Ṣé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀?

---

Ọmọ Ìkòròdú fèsì:

Kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Pólì Ìkòròdú di Lagos State University of Science and Technology ní 2022. Ìwé tí wọ́n fúnni kí ọjọ́ yẹn tó pé, HND ni, HND náà ló máa jẹ́ títí ayé. Àjọ tó ń bójú tó HND ni NBTE, NUC ló ń bójú tó B.Sc., ìlànà ẹ̀kọ́ wọn kò sì dọ́gba. Àwọn tó ti wà nínú ND tàbí HND nígbà tí òfin yí, ohun tí wọ́n wá kà ni wọ́n máa parí. Ilé-ìwé á máa tọ́jú àwọn yẹn lápá kan, á sì máa gba ti yunifásítì lápá kejì, títí ti àtijọ́ yóò fi tán. Ẹ lè rí ìwé HND tí ọjọ́ rẹ̀ lé ní 2022 nítorí èyí. Ẹ má tìtorí ọjọ́ pè é ní ayédèrú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé ìfọwọ́sí NBTE kì í tẹ̀ lé pólì wọ yunifásítì. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ NUC: wọ́n á kọ́kọ́ wá wo ohun èlò, yàrá ìwádìí, ilé-ìkàwé àti iye olùkọ́, kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n gba ọmọ wọlé. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni wọ́n á padà wá fún ìfọwọ́sí gidi. Ìfọwọ́sí kíkún ń lo ọdún márùn-ún, ti ìgbà díẹ̀ ń lo ọdún méjì. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ jù ni olùkọ́. Àgbà olùkọ́ pólì tó ní HND àti máásítà kò lè ṣàdédé di ọ̀jọ̀gbọ́n. Yunifásítì ń béèrè oyè ọ̀mọ̀wé. Bí wọn kò bá ṣètò owó àti àsìkò fún àwọn wọ̀nyí láti lọ gbà á, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kò ní í ní iye ọ̀mọ̀wé tí NUC ń fẹ́, ìfọwọ́sí á sì jábọ́. Ó ń dùn mí pé àwọn tó ń ṣe òfin kì í fi owó ìyẹn sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ṣáájú kí wọ́n tó ya pátákó tuntun.

Ó sì máa ń yí padà sẹ́yìn nígbà mìíràn. Ìjọba Ògùn sọ Moshood Abiola Polytechnic, Abẹ́òkúta, di yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní 2017. Ìjọba tó dé ní 2019 dá a padà sí pólì. Ẹni tó bá ń yẹ ìwé àárín ọdún wọ̀nyẹn wò, kó béèrè ohun tí wọ́n fúnni gan-an, kì í ṣe ohun tí pátákó ẹnu ọ̀nà ń sọ.

Ìpín náà wà. Pólì Ìbàdàn ní ẹ̀ka ní Ẹrúwà àti Ṣakí. Àwọn méjèèjì ti dá dúró báyìí: ti Ẹrúwà ń jẹ́ Adeseun Ogundoyin Polytechnic, ti Ṣakí ń jẹ́ The Oke-Ogun Polytechnic. Ẹni tó kàwé ní Ẹrúwà nígbà tó ṣì jẹ́ ẹ̀ka, Pólì Ìbàdàn ló fún un ní ìwé. Ìbàdàn ni lẹ́tà ń lọ, kì í ṣe Ẹrúwà.

---

Aṣàmúlò_tuntun béèrè:

Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin àgbà, akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ni mí. Bí wọ́n bá kéde pé wọn ó pa ilé-ìwé ẹni pọ̀ mọ́ òmíràn, tàbí wọn ó tì í, kí ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe kí ìyà má jẹ ẹ́?

---

Àgbà Ìwé fèsì:

Ìbéèrè tó dáa ni, ọmọ mi. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ìkéde kì í ṣe òfin. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2012 ni Ààrẹ Jonathan kéde pé Yunifásítì Èkó di "Moshood Abiola University". Akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn, àwọn kan gba kóòtù lọ, torí orúkọ náà wà nínú òfin tó dá ilé-ìwé sílẹ̀, ẹnu lásán kò sì lè yọ ọ́ kúrò. UNILAG ló ń jẹ́ títí di òní. Nítorí náà, ẹ má sáré lọ yí orúkọ padà lórí ìwé kankan títí òfin yóò fi jáde.

Ìdí tí ilé-ìwé fi ń pa pọ̀ kò pọ̀. Owó ìjọba gbẹ. Tàbí wọ́n pín ìpínlẹ̀ sí méjì. Tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì kò rí ọmọ gbà mọ́, torí yunifásítì ni gbogbo òbí ń fẹ́. Ti owó ló le jù ní 1984. Ìjọba ológun da yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ mẹ́rin pọ̀ mọ́ àwọn àgbà: Abẹ́òkúta mọ́ Èkó, Bauchi mọ́ Zaria, Makurdi mọ́ Jos, Yola mọ́ Maiduguri. Wọ́n fi ti Àkúrẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún yẹn náà ni wọ́n dá Yunifásítì Àtìrọ̀rùn-kàwé (National Open University) dúró, kò sì jí dìde títí di àsìkò Ọbásanjọ́. Ẹ kíyè sí i pé Abẹ́òkúta padà dá dúró láàárín ọdún mẹ́rin. Ibi tí wọ́n bá ti fi ọgbà, olùkọ́ àti fáìlì sílẹ̀ sójú kan, títú rẹ̀ rọrùn. Ibi tí wọ́n bá ti kó fáìlì pọ̀ ni wàhálà ti ń pẹ́.

Ti ìpínlẹ̀ pípín, ẹ wo LAUTECH, Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá. 1990 ni ìjọba Ọ̀yọ́ dá a sílẹ̀ sí Ògbómọ̀ṣọ́ gẹ́gẹ́ bí yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Ọ̀yọ́. Wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò ní 1991, ó di ti ìpínlẹ̀ méjì, ó sì gba orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá. Àìsan owó ìpín dá ìyanṣẹ́lódì sílẹ̀ léraléra, sáà ẹ̀kọ́ sì ń fà gùn. Ní oṣù kọkànlá 2020, Ọ̀yọ́ gbà á tán, ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ tó wà ní Òṣogbo sì di ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Orúkọ yunifásítì kò yí rárá, àmọ́ ẹni tó ni ín yí pátápátá.

Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe, lójú tèmi: lọ́sẹ̀ tí ìkéde bá jáde, gba transcript dé ibi tí o kà á dé, tí ilé-ìwé tẹ òǹtẹ̀ lé. Tọ́jú ìwé ìgbàwọlé JAMB, ìwé ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì sáà kọ̀ọ̀kan, àti rìsíìtì owó ilé-ìwé. Ẹ̀dà méjì, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tọ́jú ìwé àpèjúwe kọ́ọ̀sì pẹ̀lú, torí bí kódù kọ́ọ̀sì bá yí ní ilé-ìwé tuntun, òun ni wọ́n fi ń mọ èyí tó bá èyí mu. Láìsí i, wọ́n lè ní kí o tún kọ́ọ̀sì tí o ti yege kọ. Lẹ́yìn náà, béèrè nǹkan mẹ́ta ní kíkọ sílẹ̀: orúkọ ta ló máa wà lórí ìwé-ẹ̀rí mi? Ìlànà ìgbéléwọ̀n wo ni wọ́n máa fi ṣírò máàkì mi, ti àtijọ́ tàbí ti tuntun? Ṣé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mi ní ìfọwọ́sí ní ilé-ìwé tó ń gbà wá? Èyí tó kẹ́yìn ló ń pa àwọn ọmọ lára jù. Bí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kò bá ní ìfọwọ́sí, orúkọ rẹ lè má wọ inú àkọsílẹ̀ NYSC.

Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni bá kógbá sílé pátápátá, àjọ tó fún un láṣẹ ni kí o kọ̀wé sí, kí o sì bi í ibi tí fáìlì wà: NCCE fún NCE, NBTE fún ND àti HND, NUC fún oyè. Má dúró dìgbà tí o bá nílò rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, yàrá tí fáìlì wà lè ti di ṣọ́ọ̀bù.

---

Ọmọ Ìkòròdú:

Àgbà, mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan ló kù tí mo rò pé kò tọ́. Kí ló dé tí ilé-ìwé kì í fi tún ìwé-ẹ̀rí tẹ̀ ní orúkọ tuntun fún àwọn tó ti jáde? Ó máa gba gbogbo wàhálà Onífáìlì yìí kúrò.

---

Alákọsílẹ̀:

Kò ní í gbà á kúrò, ńṣe ni yóò pọ̀ sí i. Ìwé-ẹ̀rí ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan: ilé-ìwé báyìí, tí gíwá báyìí ń darí, fi oyè báyìí fún lágbájá. Bí EKSU bá tẹ orúkọ òní sórí oyè 1994, ìfọwọ́sí ta ni yóò wà níbẹ̀? Ti gíwá òní kò bá ọjọ́ mu, ti gíwá àtijọ́ kò bá orúkọ mu. Ẹni tó ń wá ayédèrú kò ní í lè mọ ojúlówó mọ́. Ohun tó tọ́ ni lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ Registrar tó sọ pé ilé-ìwé tó ń jẹ́ èyí láti ọdún báyìí ni ó ń jẹ́ tọ̀hún báyìí, pẹ̀lú òfin tó yí i. Bí ìwé-ẹ̀rí bá sọnù, ìwé ìbúra kóòtù, ìwé ọlọ́pàá àti ìwé tí ilé-ìwé fi jẹ́rìí ni wọ́n sábà máa ń béèrè.

Onífáìlì, lórí fọ́ọ̀mù yín, ẹ ya àyè méjì sọ́tọ̀: orúkọ ilé-ìwé bí ó ti wà lórí ìwé, àti orúkọ rẹ̀ lónìí. Kí òṣìṣẹ́ kọ ọ́ báyìí: "Ondo State University, Ado-Ekiti, Ekiti State University lónìí". Ẹni tó ń fi ìwé ránṣẹ́ sí òkè òkun, kí ó mú orúkọ òní nínú àtòkọ tí wọ́n bá gbé sílẹ̀, torí Registrar òní ni wọ́n máa kàn sí, kí ó sì so lẹ́tà ìyípadà orúkọ mọ́ ìwé náà. Kí orúkọ tirẹ̀ gan-an, tó wà lórí transcript àti ìwé-ẹ̀rí, bára mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Ibẹ̀ ló ti ń há jù, ju orúkọ ilé-ìwé lọ.

---

Onífáìlì:

Ó ti yé mi yékéyéké. Lẹ́tà Adó, Àkùngbá, Akọkà àti Ifẹ̀ ń jáde lọ́la, ẹ̀dà ti Abẹ́òkúta àti Oǹdó pẹ̀lú wọn. Mo máa fi ìdáhùn tí wọ́n bá fún wa sí abẹ́ ibí yìí, láìdárúkọ òṣìṣẹ́ kankan, kí ẹlòmíràn lè rí i lò.